Ẹ Bi Wá: Ká Tún Ọ́fíìsì Káńsù Ṣe ni àbí Ká Wó O?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Káńsù wa n'Íbàdàn pe ìpàdé lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí ọ́fíìsì wọn tó ti gbó. Ó ń jò débi pé ọ̀rá ni wọ́n fi bo fáìlì lọ́jọ́ tí mo lọ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀. Alága ní ká sọ tẹnu wa, ṣé ká tún un ṣe àbí ká wó o. Kó tó kàn mí, wọ́n ti gba máìkì, wọ́n ti ń pín jọ̀lọ́ọ̀fù, wọ́n ní ẹni tó bá ṣì lọ́rọ̀ kó kọ ọ́ wá. Èmi ní kí wọ́n wó o ni o. Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ó kéré tán ẹ jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹ má tíì kọ "ẹ wó o" jàre. Ó lè jẹ́ páànù ló dípẹtà, ó sì lè jẹ́ bíìmù ló ti là, méjèèjì ò jọra rárá, owó wọn náà ò jọra, ẹ̀yin ò sì lè tara ọ̀rá orí fáìlì mọ èyí tó jẹ́. Ẹnjiníà ló máa mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ẹnjiníà hàn yín, pẹ̀lú iye tí àtúnṣe máa gbà àti iye tí tuntun máa gbà. Tí wọ́n bá ń fì yín síwá sẹ́yìn, òfin Freedom of Information ti 2011, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, fún wọn ní ọjọ́ 7 péré láti fèsì, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ọ́ ní 2025 pé kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ l'Abuja nìkan ni òfin náà kàn.

Ẹ ṣáà wo gbọ̀ngàn Màpó n'Íbàdàn níbí. 1929 ni wọ́n ṣí i, láyé Captain Ross, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè yìí nígbà náà, àwọn òpó gbàǹgbà yẹn ṣì wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe ayẹyẹ ìwúyè Olúbàdàn ní 2022, 2024 àti 2025. Boston l'Ámẹ́ríkà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn ní gbọ̀ngàn ìlú wọn burẹ́wà, Méyọ̀ Menino fẹ́ tà á ní 2006, kò bọ́ sí i, ní 2025 wọ́n sọ ọ́ di ilé àjogúnbá.

Gbogbo ilé gbígbó kọ́ ni Màpó ṣá o, òmíì wà tó jẹ́ pé wíwó ló tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbà, ẹ bi wọ́n pé ibo làwọn òṣìṣẹ́ máa wà tí wọ́n bá ń kọ́ tuntun, àti pé ṣé ọ́fíìsì ni wọ́n á kọ́ síbẹ̀ lóòótọ́, torí ilẹ̀ àárín ìgboro, ojú ṣọ́ọ̀bù làwọn kan fi ń wò ó.

Kẹ́ ẹ wá kọ ohun tẹ́yin fojú rí: àtẹ̀gùn tí àgbà ò lè gùn, ṣáláńgá tí wọ́n ti pa, ibi tí abiyamọ máa jókòó sí. Ẹnjiníà ò ní bá yín kọ ìyẹn. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu sítáǹbù sí ọ̀kan, kẹ́ ẹ mú un lọ sílé.