Ibi Tí Wọ́n Á Ti Já Ẹrù Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wádìí

Ẹ kú làálàá o, ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá kí ẹ kó ìrẹsì, bùláńkẹ́ẹ̀tì, oògùn àti aṣọ pọ̀ sínú kọ̀ntéínà ẹsẹ̀ bàtà 40 kan ṣoṣo fún àwọn tí ìjì líle sọ di aláìnílé. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, láti ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù títí dé ibi tí wọ́n ti ń já a. Ẹ má tíì ronú iye tí kọ̀ntéínà lè gbà. Ta ló máa já a lọ́hùn-ún? Kí ló máa fi já a? Ọ̀nà wo ni tírélà máa gbà?

Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2010, èbúté Port-au-Prince bàjẹ́, kíréènì rì sómi. Ọkọ̀ lè kó ẹrù dé, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n máa fi gbé kọ̀ntéínà sọ̀ kalẹ̀? Ẹ béèrè bí fọ́kílíìfù, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tó ń fi irin gbé ẹrù, bá wà níbi tí ẹ̀ ń kó o lọ. Bí kò bá sí, èjìká ènìyàn ló máa gbé gbogbo rẹ̀. Àpò kílò 25 ni kí ẹ di ìrẹsì sí nígbà náà, kì í ṣe 50.

Kọ̀ntéínà ẹsẹ̀ bàtà 20 ń gba nǹkan bíi kúbíìkì mítà 33, ti 40 ń gba bíi 67. Àmọ́ ìwọ̀n tí àwọn méjèèjì lè gbé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, bíi tọ́ọ̀nù 26 sí 28 ni. Bí ẹ bá kó ìrẹsì kún 40 dé òrùlé, ó ti wúwo kọjá òfin nìyẹn, àti pé afárá tí àgbàrá ti jẹ lábẹ́ lè má gba ìdajì rẹ̀. Ìrẹsì tó wúwo ni kó lọ sínú 20, bùláńkẹ́ẹ̀tì tó fúyẹ́ ni kó lọ sínú 40.

Oògùn ńkọ́? Ẹ yà á sọ́tọ̀ pátápátá. Bí ìwé oògùn kan bá há sọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, ìrẹsì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ máa jókòó tì í, owó ìdádúró á sì máa gorí ara wọn lójoojúmọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oògùn tí a fi ṣètọrẹ ṣì ní ó kéré tán ọdún kan kí ọjọ́ rẹ̀ tó kọjá, láti ìgbà tó bá gúnlẹ̀. Lẹ́yìn tí omi òkun ya bo ilẹ̀ (sùnámì) ní ọdún 2004, oògùn tí ẹnikẹ́ni kò béèrè fún ya dé Aceh ní Indonesia rẹpẹtẹ, àwọn kan ti kọjá ọjọ́ wọn.

Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ lò ni kí ẹ kó wọlé kẹ́yìn. Mo ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ntéínà kan tí ẹgbẹ́ kan fi ránṣẹ́: àpò bàtà àti aṣọ àlòkù ló dí ẹnu rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fà wọ́n jáde nínú oòrùn, ẹrẹ̀ ń gba àwọn tó bá bọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ páálí ORS, ìyẹn ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ṣu gbuuru, ni àwọn nọ́ọ̀sì ń dúró dè, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà. Inú mi ò dùn rárá lọ́jọ́ náà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ yọ aṣọ kúrò, àyàfi bí àwọn ará ibẹ̀ bá béèrè rẹ̀.

Irin ni kọ̀ntéínà. Ó máa ń gbóná lọ́sàn-án, ó máa ń tutù lóru, omi á wá máa kán láti òrùlé sórí ẹrù. Ẹ so àpò tó ń fa ọ̀rinrin mọ́ ara ògiri rẹ̀, kí ẹ sì fi páálí bo orí àpò ìrẹsì. Bí ẹ bá lo pálẹ́ẹ̀tì onígi, ìyẹn pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé, kó ní òǹtẹ̀ pé wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀.

Ẹ lẹ ìwé ohun tó wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan mọ́ inú ilẹ̀kùn. Kí orúkọ ẹgbẹ́ tó máa gbà á sì ti wà lórí ìwé, kí wọ́n ti fọwọ́ sí i, kí ẹ tó di ẹyọ kan. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá ìrẹsì ṣì wà lọ́jà nítòsí wọn, torí ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ń gbà. Bó bá wà, owó ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ fi àyè ọkọ̀ gbé tápólì, kẹ́ẹ̀gì omi àti àwọn ohun tí wọn kò lè rí rà.