Orí méjèèjì tẹ̀ dáadáa, àárín là sílẹ̀: ṣé kí n ta ẹ̀rọ ìtẹ-páànù mi ni?

Ìbéèrè

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra àlòkù ẹ̀rọ ìtẹ-páànù kan, irú èyí tí a ń fi ọwọ́ gbé irin iwájú rẹ̀ sókè láti tẹ páànù. Ẹnu rẹ̀ gùn ju mítà kan lọ, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó lè tẹ irin lásán tó nípọn tó mílímítà 1.5. Tí mo bá fi tẹ páànù kúkúrú, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí páànù bá gùn dé ìpẹ̀kun ẹnu ẹ̀rọ, orí méjèèjì á dúró ní dígírì 90 géérégé, àárín á sì là sílẹ̀. Ìkejì, mo gé páànù oní-mílímítà 1.5 ní mílímítà 160, kí n lè fi ṣe ọpọ́n gbọọrọ tí ìdí rẹ̀ á jẹ́ 100, tí etí rẹ̀ méjèèjì á sì jẹ́ 30, 30. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán tí mo wọ̀n ọ́n láti ìta, gbogbo rẹ̀ pọ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ ní nǹkan bíi mílímítà 5. Ẹnì kan ní kí n ta ẹ̀rọ náà, kí n ra oní-haidirọ́líkì, èyí tó ń fi agbára òróró tẹ páànù. Mo sì tún fẹ́ mọ̀ bóyá a lè fi irú ẹ̀rọ yìí tẹ etí ọmọrí róbótó sókè.

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì tà á. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn yìí fẹ́ gé ọwọ́ látòkè délẹ̀. Nínú ohun mẹ́ta tí ẹ bèèrè, ọ̀kan péré ló kan ara ẹ̀rọ, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà sì ti fi nọ́ọ̀tì síbẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìkejì, ìṣirò ni. Ìkẹta, iṣẹ́ ẹ̀rọ mìíràn ni.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ara wa, mo máa pe irin gbọọrọ tó ń tẹ páànù mọ́lẹ̀ ní ẹnu òkè, mo máa pe ibi tí páànù sùn lé ní ẹnu ìsàlẹ̀, kí èyí tí ẹ ń fi ọwọ́ gbé sókè láti tẹ etí náà sì jẹ́ ìyẹ́ ẹ̀rọ.

Ìgbà tí ẹ yọ páànù fẹ́lẹ́ kúrò tí ẹ sì ki oní-mílímítà 1.5 bọ̀ ọ́, kí ni ẹ yí lára ẹ̀rọ? Bí ẹ ò bá yí nǹkan kan, ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu òkè kì í dúró sójú kan fún gbogbo páànù. Ó yẹ kí ẹ fà á sẹ́yìn kúrò lórí ìlà ibi tí ìyẹ́ ti ń yí, kí àyè tó wà níbẹ̀ tó ìwọ̀n bí páànù ṣe nípọn. Fún páànù mílímítà 1, ẹ fà á sẹ́yìn ní mílímítà 1. Fún èyí tó ti sún mọ́ òpin agbára ẹ̀rọ, bíi 1.5 tiyín yìí, ẹ jẹ́ kó tó ìlọ́po méjì ìnípọn rẹ̀, ìyẹn mílímítà 3. Tí àyè yẹn bá kéré jù, páànù ò ní rí ibi tẹ̀ sí. Ṣe ni ìyẹ́ á máa fún un mọ́ ẹnu òkè, ẹ̀yin á máa fi gbogbo ara gbé e, gbogbo irin ẹ̀rọ á sì máa gbọ̀n. Tó bá pọ̀ jù, igun náà á ṣe roboto bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ẹ wọ̀n àyè náà ní orí méjèèjì, nítorí ó wọ́pọ̀ kí ọ̀tún wà ní mílímítà 2 kí òsì sì wà ní 3. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á máa tẹ orí kan ju orí kejì lọ, ẹni tó ń lò ó á sì máa bínú sí páànù.

Ẹ wo bí ẹnu òkè ṣe ń dì í mú náà. Ó yẹ kó le tó bẹ́ẹ̀ tí páànù ò fi ní yọ̀ sẹ́yìn, síbẹ̀ kí ẹ lè ti ọwọ́ rẹ̀ pa láìfi ẹsẹ̀ tì í. Bí ẹ bá pààrọ̀ páànù, ìyẹn náà gbọ́dọ̀ yí padà. Mo ti rí àwọn tó lo ẹ̀rọ fún ọdún púpọ̀ tí wọn ò mọ̀ pé nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn tí a fi ń ṣe èyí ń yí.

Ó wá ku àárín tó ń là sílẹ̀. Ìyẹ́ ẹ̀rọ dúró lórí híńjì ní ọ̀tún àti ní òsì nìkan. Nígbà tí páànù gígùn bá ń bá a jà, àárín rẹ̀ ò ní alátìlẹ́yìn, ó á sì tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bí pákó tí wọ́n gbé lé òkúta méjì tí èèyàn wá dúró sí agbedeméjì rẹ̀. Orí méjèèjì á dé 90, àárín á dúró ní 85 tàbí 86. Ẹ̀rọ púpọ̀ ní ọ̀pá gbọọrọ kan níwájú ìyẹ́ tàbí lábẹ́ rẹ̀, tó lọ láti orí kan dé ìkejì, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì. Iṣẹ́ ọ̀pá yẹn ni láti ti àárín ìyẹ́ síwájú. Ẹ gé páànù kan tó gùn dé ìpẹ̀kun, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi ohun ìwọn-igun wo orí méjèèjì àti àárín. Bí àárín bá là, ẹ fún nọ́ọ̀tì náà le ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ tún tẹ páànù tuntun wò. Má-fi-páànù-àtijọ́-dánwò ni òfin ibẹ̀, torí ibi tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti le, kò ní sọ òótọ́ fún yín. Tí àárín bá wá tẹ̀ ju orí méjèèjì lọ, ẹ ti fún un le jù. Ẹ tú u padà díẹ̀. Ẹnu òkè náà ní irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ lára àwọn ẹ̀rọ kan, ọ̀nà kan náà la sì ń gbà tún un ṣe.

Àmọ́ o, kò sí nọ́ọ̀tì tó lè gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi tẹ ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ. Agbára tí páànù ń béèrè kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n bó ṣe nípọn nìkan, ìnípọn ní ìlọ́po ara rẹ̀ ni. Páànù mílímítà 2 ń béèrè ìlọ́po mẹ́rin agbára tí mílímítà 1 ń béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìnípọn rẹ̀ kò ju ìlọ́po méjì lọ. Mílímítà 1.5 tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ yín, irin lásán ni wọ́n ní lọ́kàn. Stainless, irin tí kì í dípẹtà, le ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Lórí ẹ̀rọ yín, bó bá gùn dé ìpẹ̀kun, èmi ò ní ju mílímítà 1 lọ. Bákan náà, ẹ má fi tẹ ọ̀pá irin tàbí wáyà láé. Wáyà á gé etí ẹnu òkè wọlé, gbogbo páànù tí ẹ bá sì tẹ̀ lẹ́yìn náà á máa gba àpá yẹn. Nígbà tó jẹ́ àlòkù lẹ rà, ẹ fi ìka ra etí ẹnu òkè náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ẹ ó mọ̀ bóyá ẹni tó lò ó ṣáájú yín ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mílímítà 5 tó lé, ibí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí kò sí ẹ̀rọ tí ẹ máa rà tí kò ní ṣe é fún yín. Nígbà tí páànù bá tẹ̀, inú igun ń fún pọ̀, ẹ̀yìn igun ń nà. Láàárín méjèèjì, ìlà kan wà nínú ara páànù tí kì í nà tí kì í sì í fún pọ̀, ó sì sún mọ́ inú ju ẹ̀yìn lọ díẹ̀. Gígùn ìlà yẹn ni ó yẹ kí ẹ gé. Ẹ̀yin kó 30, 100 àti 30 pọ̀ láti ìta, ẹ ní 160, bí ẹni pé páànù yí igun ní ṣóńṣó bíi bébà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba ọ̀nà àbùjá nínú igun, ohun tí kò sì lò níbẹ̀ ló jáde sí yín lára etí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín. Páànù nípọn ní 1.5, ká ní inú igun náà ṣe roboto pẹ̀lú rédíọ́ọ̀sì (ìwọ̀n láti àárín òbìrí dé etí rẹ̀) 1.5. Ìlà tí kì í nà wà ní nǹkan bíi 0.44 ìnípọn láti inú, ìyẹn 0.66. Ẹ fi 1.5 kún 0.66, ó di 2.16. Ìdá mẹ́rin ìyípo ni igun 90, nítorí náà ẹ fi 1.571 (ìdajì páì, 3.142) sọ 2.16 di púpọ̀: nǹkan bíi 3.4 ni igun kan jẹ lára páànù. Níwọ̀n láti ìta, ẹ ti ka ìgbà méjì 3 (rédíọ́ọ̀sì 1.5 àti ìnípọn 1.5) sí igun náà, ìyẹn 6. Ẹ yọ 3.4 kúrò nínú 6, ó ku 2.6. Igun méjì ni ọpọ́n yín ní, ó jẹ́ 5.2. Ẹ rí i pé 5 tí ẹ rí kò ti ọwọ́ àjẹ́ wá. Páànù tó yẹ kí ẹ gé ni 154.8.

Bí ìṣirò yìí bá sú yín, ọ̀nà tí èmi fúnra mi ń gbà nìyí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ìwé lọ. Ẹ gé àjákù páànù tó gùn ní 100 géérégé, ẹ tẹ àárín rẹ̀ sí 90, ẹ fi fáníà, ohun ìwọ̀n tó ń ka ìdá mílímítà, wọ̀n apá méjèèjì láti ìta, ẹ ro wọ́n pọ̀. Bí ó bá jẹ́ 102.6, igun kọ̀ọ̀kan lórí páànù yẹn, lórí ẹ̀rọ yẹn, ń gba 2.6. Ẹ ṣe é fún gbogbo ìnípọn tí ẹ ń lò, kí ẹ kọ nọ́ńbà wọn sára ẹ̀rọ pẹ̀lú ọ̀dà. Ẹ wọ̀n páànù fúnra rẹ̀ náà. Èyí tí wọ́n pè ní 1.5 lè máà ju 1.4 lọ.

Ohun kékeré mẹ́ta tún wà tó ń ba igun jẹ́. Páànù máa ń ta padà lẹ́yìn tí ẹ bá sọ ìyẹ́ sílẹ̀: irin lásán ní bíi dígírì 1 tàbí 2, stainless ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹ gbé e kọjá 90, kí ẹ sì de ohun ìdádúró ìyẹ́ síbẹ̀, dípò kí ẹ máa fojú díwọ̀n. Èkejì, ẹ wo ojú páànù dáadáa, ẹ ó rí àwọn ìlà tín-ín-rín tó lọ sí apá kan. Ibẹ̀ ni irin náà gbà nígbà tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ fẹ́lẹ́ ní ilé iṣẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó dábùú àwọn ìlà yẹn. Bí ìtẹ̀ bá bá wọn lọ, aluminiọ́ọ̀mù líle á sán lẹ́yìn igun, pàápàá irú aluminiọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 6061-T6, tí èmi kì í gbà láti tẹ̀ ní igun ṣóńṣó rárá. Irú 5052 tàbí 3003 ń gbọ́ràn. Ẹ̀kẹta, ẹ̀gún tí ohun ìgé fi sílẹ̀ létí páànù, ẹ jẹ́ kó wà ní inú igun. Tó bá wà lẹ́yìn, ibẹ̀ ni sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ oní-haidirọ́líkì dára, mi ò bá a jà. Ó ń ti páànù láti òkè wọ inú ihò tó rí bíi lẹ́tà V, a sì sábà máa ń fẹ ẹnu V yẹn ní ìlọ́po mẹ́jọ ìnípọn. Fún 1.5 tiyín, mílímítà 12 nìyẹn, ó sì ń béèrè nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 12 fún mítà kan. Páànù tó nípọn ní mílímítà 4 tàbí 5, òun ló ni ín. Ṣùgbọ́n páànù náà gbọ́dọ̀ gùn kọjá etí V kó tó lè tẹ̀, nítorí náà lórí V 12 yẹn, etí tí kò tó bíi mílímítà 8 àti ààbọ̀ á jábọ́ sínú ihò. Ó tún ń fi ojú páànù họ etí V, nígbà tí tiyín kàn ń gbé e sókè. Àárín rẹ̀ náà ń là sílẹ̀ bí ó bá gùn. Ohun tí wọ́n fi ń tún un ṣe ló yàtọ̀. Bí iṣẹ́ yín ò bá kọjá 1.5, ẹ fi owó yẹn ra fáníà tó dára.

Etí ọmọrí róbótó ni mo fi kẹ́yìn torí ẹ̀rọ yín ò lè ṣe é: ìlà tààrà nìkan ló mọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ tábìlì, tó ní kẹ̀kẹ́ irin méjì tó kojú síra, tí ẹ ó máa fi ọwọ́ yí. Ẹ ki etí ọmọrí sáàárín kẹ̀kẹ́ méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ọmọrí tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ yí i ní ìpo kan kí ó kọ́kọ́ fa ìlà, lẹ́yìn náà ẹ gbé ọmọrí sókè díẹ̀ ní ìpo kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìdí tí kò fi ṣeé kánjú ni pé, ká ní ọmọrí yín fẹ̀ ní 200, tí ẹ sì fẹ́ tẹ mílímítà 5 sókè yí ká. Etí rẹ̀ gùn ní 628 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá dúró, ó ti wà lórí òbìrí tó fẹ̀ ní 190, tí àyíká rẹ̀ jẹ́ 597. Mílímítà 31 gbọ́dọ̀ wọ inú ara irin lọ. Tí ẹ bá gbé e lẹ́ẹ̀kan, kò ní ráyè wọ̀ ọ́, ṣe ni á hunjọ. Bí ẹ bá rí i tó ń hun, ẹ dúró, ẹ fi òòlù onígi rọra lu ibẹ̀ mọ́ irin kó tó ká léra, kí ẹ sì tún gbé e padà sẹ́nu kẹ̀kẹ́. Tó bá ti ká léra, ẹ gé òmíràn.