Ọmọ rẹ kò nílò tíṣà mìíràn nílé

Ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà pírámárì ni mí ní ilé ìwé ìjọba, ọdún 12 ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Pírámárì kẹta ni mò ń kọ́, àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì mi lé ní 60. Tí a bá ti jáde, mo tún ń ṣe lẹ́sìn fún àwọn ọmọ àdúgbò títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí owó oṣù nìkan ò gbé wa. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sì tíì lè ka ojú ìwé kan já. Ilé ìwé aládàáni ló ń lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Tó bá ń kàwé, á gbé e sún mọ́ imú, á máa fo ìlà. Áfáà rẹ̀ ní ilé kéwú sọ pé orí rẹ̀ pé, pé ó ń há nǹkan sórí kíákíá, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwé ń pè é ní olódo. Alaalẹ́ ni mo máa ń jókòó tì í. Mo máa ń pariwo, mo sì ti nà án. Ní báyìí, tó bá ti gbọ́ ìró géètì tí mo bá dé, á sáré lọ dùbúlẹ̀, á díbọ́n pé òun ti sùn. Ìyá ọkọ mi wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ wa, wọ́n ní, 'Ìyàwó, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ aráyé ń mọ̀wé lọ́wọ́ rẹ, tiwa ń ṣòfò.' Ọkọ mi wà níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n jókòó ti ọmọ mi. Kí lẹ rí sí i? Èmi ni Ìyá Tíṣà."

Àbúrò mi, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọmọ, mo sì kí ọ kú ìfaradà. Ibi tó dùn mí jù nínú lẹ́tà rẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ. Ọmọ tó ń díbọ́n pé òun ti sùn ló dùn mí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó yẹ kó sáré pàdé ìyá rẹ̀ lẹ́nu géètì, kó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, kó yẹ inú rẹ̀ wò bóyá ẹ̀pà wà níbẹ̀ tàbí búrẹ́dì, òun ló ń fi aṣọ borí. Ibẹ̀ la máa ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tíì tún ṣe, kò sí ẹ̀kọ́ kankan tí o máa kọ́ ọ tí á wọlé.

N kò ní ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o fi sílẹ̀, láti alẹ́ òní, ni kíláàsì tí o ń ṣe fún un nínú pálọ̀ rẹ. Ọmọ náà ti ní tíṣà. Tí tíṣà yẹn kò bá tó, a lè wá òmíràn fún un. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ni ìyá tó ní, láti ìgbà tí o sì ti di tíṣà rẹ̀ lálẹ́, kò ní ìyá lálẹ́ mọ́.

Wo bí alẹ́ yín ṣe rí. Láti ìdájí lo ti wà lórí ìdúró. O ti se oúnjẹ àárọ̀, o ti di ti ọ̀sán sínú kúlà àwọn ọmọ, o ti dúró níwájú ọgọ́ta ọmọ títí ohùn rẹ fi há, o sì tún fi ìyókù ohùn náà ṣe lẹ́sìn. Sùúrù díẹ̀ tó kù nígbà tí o bá wọlé lo wá ń fi jókòó ti ọmọ tí ìwé kíkà ń ni lára jù nínú gbogbo ọmọ tí o fojú kàn lọ́jọ́ náà. Òun náà ti jí láti ìdájí. Òun náà ti jókòó níwájú ìwé tí kò yé e láti àárọ̀, wọ́n sì ti pè é ní olódo. Ilé ló ń sá bọ̀. Ó dé ilé, ó tún bá ìwé yẹn níbẹ̀, ó bá igbe níbẹ̀, ó bá ẹgba níbẹ̀. Níbo ló kù tí ó máa sá sí? Orí bẹ́ẹ̀dì ló rí.

Nítorí náà, bẹ ọmọ náà. Mo mọ̀ pé a kì í sábà bẹ ọmọ kékeré nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n pè é jókòó, sọ fún un pé ìwọ kò ní nà án mọ́ nítorí ìwé, kí o sì mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Kò ní gbà ọ́ gbọ́ lọ́jọ́ kìíní. Ó ṣì máa sá lọ dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Má tú àṣírí rẹ̀, má fi ṣe ẹ̀sín. Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bi í ní ohun tó jẹ, bi í ta ló gba bọ́ọ̀lù wọlé nígbà tí wọ́n jáde ìsinmi, kí o sì dìde. Má bi í léèrè iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí o sọ kọjá lọ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan, èmi sì dì í mú. Áfáà ní ó ń há nǹkan sórí kíákíá. Ní ilé kéwú, etí ni ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀: áfáà á kà, ọmọ á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ nǹkan tó sì ń há a sórí kì í ṣe olódo. Etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ibi tí wàhálà wà ni ibi tí ojú ti pàdé ìwé, ibẹ̀ ló sì yẹ ká wò.

Ẹ mú un lọ yẹ ojú rẹ̀ wò. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́: ó ń gbé ìwé sún mọ́ imú, ó ń fo ìlà. Ọmọ tí kò ríran dáadáa kì í mọ̀ pé òun kò ríran, torí ó rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń rí nǹkan nìyẹn. Kò lè wá bá ọ kó ní, "Mọ́mì, n kò rí bọ́ọ̀dù." Ńṣe ni yóò máa da ọ̀rọ̀ kọ, tí yóò máa wo ìwé ẹni tó jókòó tì í, tí wọ́n á sì máa bá a wí pé ó ń jíwèé wò. Ìwọ náà ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì rẹ. Ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní UCH, ó sì wà ní àwọn ilé ìwòsàn mìíràn n'Íbàdàn. Ẹ má ra gíláàsì ojú lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri rẹ̀ lójú títì. Dókítà ni kó sọ èyí tó bá ojú rẹ̀ mu.

Bí dókítà bá ní kò sí nǹkan tó ṣe ojú rẹ̀, ẹ má tíì pè é ní ọ̀lẹ. Àwọn ọmọ kan wà tí ọpọlọ wọn jí pépé, àmọ́ tí àtiso lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró rẹ̀ ń nira fún gidigidi. Dyslexia ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó máa ń wà nínú ẹbí, kì í ṣe àìsàn tí wọ́n ń lo oògùn sí, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú àìgbọ́n. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ̀sọ̀ ṣe, ìró kan lẹ́yìn èkejì, láìkánjú, ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ náà wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí torí ọ̀rọ̀ náà máa ń ká mi lára. Yorùbá ni ọmọ yìí ń sọ nílé. Ó wá dé ilé ìwé, wọ́n ní kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé nínú èdè tí kò tíì gbọ́ dáadáa, iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Gẹ̀ẹ́sì sì rèé, lẹ́tà rẹ̀ kì í dúró sójú kan: o-u-g-h kan náà ló wà nínú "though" àti "through" àti "cough", ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì jọra. Nínú Yorùbá, b àti a kò ní yéé jẹ́ "ba" láéláé. Àmì ohùn nìkan ló kù kí ọmọ mọ̀, ohùn yẹn sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ìwé wà. O ti kà nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970 ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí kọ́kọ́ kàwé ní Yorùbá. Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé nínú èdè kan ti mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ta ni yóò wá kọ́ ọ? Kì í ṣe ìwọ. Ní ilé ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, àwa tíṣà máa ń pààrọ̀ ọmọ láàárín ara wa: ìwọ kọ́ tèmi, èmi kọ́ tìrẹ, kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀. Mo rí tíṣà tí kì í bínú sí ọmọ ẹlòmíràn láé, tó jẹ́ pé tirẹ̀ kì í ṣi lẹ́tà kan pè kí inú rẹ̀ má ru. Kò yani lẹ́nu. Àṣìṣe ọmọ ẹlòmíràn, iṣẹ́ ni. Àṣìṣe ọmọ ẹni, ẹ̀rù ni ó ń bà wá. Wá tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ kan tó ní sùúrù, kí ó máa mú ọmọ rẹ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí o sì lọ rí tíṣà rẹ̀ ní ilé ìwé. Lọ gẹ́gẹ́ bí òbí, má lọ bí alábòójútó tó wá yẹ ìwé ẹ̀kọ́ wò. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí lára nígbà tí òbí bá wá bá ọ pẹ̀lú ohùn yẹn.

Iṣẹ́ tìrẹ nílé ni kí o máa kàwé fún un. Ìwọ ni kí o kà, òun ni kó máa gbọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìrun alẹ́ ti tó, ìtàn ìjàpá, ìtàn ọdẹ, ohun tó bá ti lè pa á lẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, torí àwọn náà ti ń pàdánù rẹ lálẹ́. Tí ẹ bá jọ wọ Micra, jẹ́ kó gbìyànjú ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò tó wà níwájú yín. Tó bá gbà á, yìn ín, tó bá ṣì í, sọ bó ṣe rí, kí ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Má ṣe máa dán an wò lójoojúmọ́ bóyá ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń hú iṣu wò láràárọ̀ bóyá ó ti ta, kò ní jẹ iṣu.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ. Ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ sọ, ẹnu òun ló yẹ kí èsì rẹ̀ ti wá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n tó dìde níbi oúnjẹ. Má bá a jà lórí ìyẹn mọ́, ó ti kọjá. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ Sátidé kan tí àwọn ọmọ bá ti sùn, sọ fún un pé òun ni yóò gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Má ní kó ràn ọ́ lọ́wọ́, torí ọmọ rẹ̀ ni. Kó gba àyè níbi iṣẹ́, kó dúró lórí ìlà, kó gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Kí ẹ sì jọ ṣírò owó lẹ́sìn. Bí ẹ bá lè dín in kù sí ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ohùn á kù fún ọ nílé. Bí apá kò bá ká a, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Jímọ̀ọ̀ nìkan.

Ní ti ìyá ọkọ rẹ, ẹ̀rù ọmọ ọmọ wọn ló bà wọ́n, ó kàn gba ẹnu wọn jáde lódì. Pè wọ́n lórí fóònù, kí wọn dáadáa, kí o ní, "Mọ́mì, a ń mú un lọ yẹ ojú wò. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá wá ṣe ọlidé lọ́dọ̀ yín, ẹ máa pàlọ́ fún un." Iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe nìyẹn, inú wọn á sì dùn pé o fi lé wọn lọ́wọ́. Bi wọ́n léèrè pẹ̀lú ọgbọ́n bóyá ìwé kíkà ṣòro fún ẹnì kan nínú ẹbí ní kékeré. Èsì wọn lè wúlò fún dókítà.

Iṣẹ́ rẹ ńkọ́? Má fi í sílẹ̀. Tí o bá fi í sílẹ̀ báyìí, ìwọ àti ọmọ yẹn ni ẹ ó jọ máa wo ara yín láti àárọ̀ di alẹ́, owó á dín, ìbínú á pọ̀ sí i, owó ilé ìwé rẹ̀ kò sì ní dín. O ti fi ọdún 12 ṣiṣẹ́. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ wà níwájú. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2022 ti sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọmọ ọdún 65 tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá ti gbà á wọlé, nítorí náà ọ̀nà rẹ ṣì jìn. Àwọn ọgọ́ta ọmọ tó ń dúró dè ọ́ láàárọ̀ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ yẹ ojú ọmọ náà wò kí sáà yìí tó parí, kí o sì kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí dókítà sọ.