Kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ ojú òṣìṣẹ́ jáde látinú dúdú?

Ẹnì kan béèrè pé: nígbà ọ̀dá owó ńlá tó bo Amẹ́ríkà láti ọdún 1929, kí ló fà á tí àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú fi sọ ọ́ dàṣà láti máa tẹ ojú alágbàṣe àti aládùúgbò wọn sórí bébà, tí púpọ̀ nínú àwòrán náà sì dúdú kirimu?

Ọ̀rọ̀ owó ló ṣáájú. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá lè sanwó ni ayàwòrán sábà máa ń yà. Nígbà tó fi máa di 1933, nínú òṣìṣẹ́ 4, nǹkan bí ẹnì kan ni kò ríṣẹ́ ṣe. Ti aláwọ̀ dúdú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ni wọ́n ń gbà síṣẹ́ kẹ́yìn, àwọn náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ lé. Ní 1935 ìjọba dá WPA sílẹ̀, ètò tó ń fún àwọn tí kò ríṣẹ́ níṣẹ́ ṣe, ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ sì ń sanwó iṣẹ́ fún ayàwòrán. Bí ayàwòrán ṣe bọ́ lọ́wọ́ à ń wojú olówó nìyẹn.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn jù ni Dox Thrash, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní 1893 ní ìlú Griffin, ní Georgia. Ó jagun àgbáyé àkọ́kọ́. Ó ń darí lífíìtì ní Chicago nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Ní Philadelphia, lábẹ́ ètò WPA, ní nǹkan bí 1937, òun àti àwọn ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Hugh Mesibov àti Michael Gallagher, mú carborundum, ìyẹ̀fun líle tí wọ́n fi ń lọ òkúta, wọ́n fi ń ra ojú àwo bàbà títí yóò fi rí ṣákiṣàki. Bí wọ́n bá fi yíǹkì pa irú àwo bẹ́ẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, dúdú ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́. Ayàwòrán á wá máa ha á, á máa dán an. Ibi tó bá dán kò ní gba yíǹkì, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Díẹ̀díẹ̀ ni iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìka ọwọ́ ń jáde. Thrash fi orúkọ ìyá rẹ̀, Ophelia, pe ọ̀nà náà ní Opheliagraph.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí ìtumọ̀ rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹ̀sín ni wọ́n sábà ń fi ojú aláwọ̀ dúdú ṣe nínú ìwé ìròyìn àti ìpolówó ọjà: ètè rọ̀bọ̀tọ̀, ojú rànkòtò, àwọ̀ tí wọ́n kàn fi dúdú kùn láìbìkítà. Ọ̀nà ti Thrash kò gba irú ìyẹn. Gbogbo oríṣi dúdú tó wà lára ènìyàn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo àwòrán rẹ̀ tó ń jẹ́ Defense Worker, tó ṣe ní nǹkan bí 1941: ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ lu ilẹ̀, kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó ṣàánú òun.

Ti pé títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ náà ṣe pàtàkì. Àwo kan ń bí ẹ̀dà púpọ̀. Ìjọba ló ni èyí tó pọ̀ jù, wọ́n sì ń pín in fún ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ilé ìkàwé, níbi tí ẹni tí kò lówó àwòrán lọ́wọ́ ti lè rí i. Púpọ̀ nínú wọn ṣì wà ní ilé ìkàwé ìjọba ní Philadelphia títí dòní.