Alfa, app fóònù mi mú yẹ́lò wá lórí bisikíìtì, ṣé mo ṣẹ̀ bí mi ò ṣe jẹ ẹ́?

Ìbéèrè: Asalaamu alaykum Alfa wa. London ni mo wà. Mo ní app kan tí mo fi ń scan oúnjẹ, tó bá mú pupa wá mi ò ní rà á. Níjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn a lọ kí ìyàwó àbúrò ọkọ mi tó bímọ, Mùsùlùmí ni, wọ́n gbé bisikíìtì fún wa, mo bá scan ẹ̀, ó mú yẹ́lò wá, ó ní E471 wà nínú ẹ̀, ìyẹn èròjà kan tó ń jẹ́ kí epo àti omi pò pọ̀ nínú oúnjẹ. Mi ò jẹ ẹ́, mi ò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ mi jẹ ẹ́, ló bá dìjà. Ṣé mo ṣẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salaam warahmatullah. Ẹ kú ìṣọ́ra o, arábìnrin mi, Ọlọ́hun á gbà á lẹ́sìn lọ́wọ́ yín. Mélòó nínú wa ló ń bìkítà nípa ohun tó ń wọnú ọmọ ẹ̀?

Lílo app yẹn ò burú rárá, àmọ́ oníròyìn ni, kì í ṣe mùfútì, ìyẹn àlùfáà tó ń sọ ìdájọ́ ẹ̀sìn. Nọ́ńbà barcode ló ń kà, á wá lọ wo inú àkójọ táwọn èèyàn ti kọ sílẹ̀, bíi Open Food Facts tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Faransé lọ́dún 2012, ẹnikẹ́ni ló lè fi ọjà kún un, ẹni tó kọ ọ́ lè ṣì í kọ, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà náà sì lè ti yí èròjà padà látìgbà yẹn. Ọlọ́hun ní ká wádìí ìròyìn, ẹ wo Suuratul Hujuraat aaya 6. Torí náà ẹ máa ka ẹ̀yìn páálí fúnra yín.

E471 yìí, ọ̀rá ni wọ́n fi ń ṣe é, ó lè jẹ́ epo ọ̀pẹ, ó lè jẹ́ sóyà, ó sì lè jẹ́ ọ̀rá ẹran, nọ́ńbà yẹn ò sọ èwo. Yẹ́lò tẹ́ ẹ rí yẹn, ohun tó ń sọ ni pé app ò mọ̀, kò sọ pé hàráámù ni. Tí wọ́n bá kọ vegetarian sára páálí, ọ̀rọ̀ ọ̀rá ẹran ti kúrò níbẹ̀, ọtí ló kù tẹ́ ẹ máa wò. Àmọ́ tí wọ́n bá kọ gelatin ẹlẹ́dẹ̀, ẹ dá a padà sórí káńtà, ìyẹn ò gba àròjinlẹ̀.

Ànábì sọ pé ẹni tó bá sá fún ohun tó rújú ti dáàbò bo ẹ̀sìn ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ mú ìyẹn lò dáadáa. Ṣùgbọ́n nílé Mùsùlùmí ẹgbẹ́ ẹni ńkọ́? Àwọn kan bi Ànábì nípa ẹran táwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Isilaamu ń gbé wá, wọn ò mọ̀ bóyá wọ́n dárúkọ Ọlọ́hun sí i nígbà tí wọ́n pa á, ó ní ẹ dárúkọ Ọlọ́hun kẹ́ ẹ jẹ ẹ́, inú ìwé hádíìsì Bukhari ló wà. Umar náà, kálífà kejì lẹ́yìn Ànábì, lórí ìrìn àjò, wọ́n débi omi kan, Amr bn Aas tí wọ́n jọ ń lọ bẹ̀rẹ̀ sí í bi olómi bóyá ẹranko búburú máa ń mu níbẹ̀, Umar ní, olómi, má sọ fún wa o. Ìyẹn ni pé kò di dandan ká máa tú ìdí gbogbo nǹkan tí wọ́n bá gbé fún wa.

Ẹ ò ṣẹ̀ pé ẹ ò jẹ ẹ́. Fóònù tẹ́ ẹ nà sí oúnjẹ lójú ìyá ọmọ ló dùn ún, obìnrin tí ara ẹ̀ ò tíì yá, ó wá dà bíi pé ẹ̀ ń fẹ̀sùn kàn án. Ọkàn yín ò bá gbà á, ẹ kàn dúpẹ́, ẹ mu omi. Ẹ pè é lónìí, ẹ tù ú nínú, kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé.