Ọmọ mi fi ẹ̀rọ wá òrùka wúrà jáde ní páàkì: ta ló ni ín?

Ìbéèrè: Ìlú London la wà. A ra ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀ fún ọmọ mi ọkùnrin nígbà tó pé ọmọ ọdún 13. Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé e lọ sí páàkì ẹ̀yìn ilé wa, ó sì fi ṣọ́bìrì kékeré hú òrùka wúrà kan àti owó pẹ́nì àtijọ́ mẹ́ta jáde. Òṣìṣẹ́ káńsù wá lé e, ó ní kò gbọdọ̀ gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ní òun lòún he é, nítorí náà tòun ni. Ṣé òótọ́ ló sọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ má bínú sí òṣìṣẹ́ yẹn, òun ló jàre.

“Mo he é” ní ibi tó ti ń lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ o. Lọ́dún 1982, ilé-ẹjọ́ dá arìnrìn-àjò kan láre tó he ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà nílẹ̀ yàrá kan ní pápákọ̀ òfuurufú Heathrow. Ó ti kọ́kọ́ fà á lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, wọn ò sì rí ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ nìyẹn. Bí ohun kan bá ti wà nínú ilẹ̀, tí ẹ ní láti gbẹ́ kí ẹ tó rí i, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ẹjọ́ tí àwa agbẹjọ́rò máa ń tọ́ka sí ni ti ọ̀gbẹ́ni Fletcher. Ní 1992, ó gbé irú ẹ̀rọ yìí lọ sí Farnham Park ní Surrey. Ẹ̀rọ ké, ó gbẹ́lẹ̀ bí ínǹṣì 9, ó sì kan ohun ọ̀ṣọ́ wúrà ayé àtijọ́ tí wọ́n fi ń so aṣọ pọ̀ mọ́ra. Kò fi pamọ́, ó lọ fi han ìjọba, wọ́n sì dá a padà fún un. Káńsù Waverley tó ni páàkì ló pè é lẹ́jọ́. Fletcher borí ní Ilé-ẹjọ́ Gíga, àmọ́ Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: ohun tó wà nínú ilẹ̀, onílẹ̀ ló ni ín; wọ́n sì ní a yọ̀ǹda páàkì fún ìgbafẹ́, a kò yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbígbẹ́. Olóòótọ́ èèyàn ni o, síbẹ̀ ó pàdánù.

Ẹ jẹ́ ká wá wo òrùka yín. Ẹ gbé e sábẹ́ dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá, kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí 375, wúrà kárátì 9 ni. 750, kárátì 18. Orí àmọ̀tẹ́kùn ni àmì London, ìdákọ̀ró ni ti Birmingham. Lẹ́tà kan tún lè wà níbẹ̀ tó ń sọ ọdún. Bí ó bá jẹ́ òrùka ayé òde òní, a jẹ́ pé ẹnì kan sọ ọ́ nù. Àwọn àgbà ní, ẹni tó he owó tó ń jà bí ẹni máa kú, kí lẹni tó sọ ọ́ nù ó ṣe? Ẹ mú un lọ fún káńsù, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó fi pamọ́ láì wá ẹni tó ni ín lè jẹ̀bi olè. Àwọn owó pẹ́nì náà, káńsù ló ni wọ́n, bí wọn ò tilẹ̀ tó nǹkan. Púpọ̀ káńsù á ní kí ọmọ máa mú wọn lọ. Ẹ ṣáà má fi ọṣẹ tàbí òroǹbó fọ̀ wọ́n.

Bí òrùka bá ti ju 300 ọdún lọ ńkọ́? Òfin ìṣúra ti 1996 dé nìyẹn. Ohun tó ti pé 300 ọdún, tí wúrà tàbí fàdákà inú rẹ̀ kò dín ní ìdá 10 nínú 100, ìṣúra ni, yàtọ̀ sí owó ẹyọ kan ṣoṣo. Láti 2023, àwọn ohun onírin tó ti ju 200 ọdún lọ tó ṣe pàtàkì gan-an náà ti wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ 14 péré lẹ ní láti fi tó coroner (òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ikú àti ọ̀rọ̀ ìṣúra) létí, ẹni tó bá sì dákẹ́ lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé bí ilé ìtọ́jú ohun àtijọ́ bá ra ìṣúra, wọ́n sábà máa ń pín owó rẹ̀ láàárín onílẹ̀ àti ẹni tó rí i. Ẹni tó wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láì gbàṣẹ lè má rí kọ́bọ̀ gbà. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Scotland, òfin tiyín le ju èyí lọ.)

Ẹ má ju ẹ̀rọ náà nù. Hyde Park, Greenwich àti Richmond kò gbà á rárá, etí odò Thames sì ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí káńsù yín, kí ẹ sọ páàkì tẹ́ ẹ fẹ́. Ọ̀pọ̀ á kọ̀, díẹ̀ á gbà. Àwọn àgbẹ̀ ẹ̀yìn ìlú máa ń gbà jù wọ́n lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀, títí kan bí ẹ óò ṣe pín ohun tí ọmọ bá rí. Ohun kan kù: ogun tí wọ́n jà ní 1939 sí 1945 ṣì fi bọ́ǹbù sílẹ̀ káàkiri London. Bí ọmọ bá kan irin ńlá tó rí bí ìgò, kó má fọwọ́ kàn án mọ́, kó kúrò níbẹ̀ kíá, kí ẹ sì pe 999.