Èsì: Ṣé tẹníìsì ẹlẹ́ni méjì-méjì tó fi ṣiṣẹ́ jẹun?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé àwọn tí ò rọ́wọ́ mú nínú ẹlẹ́nìkan ló ń sá wá síbẹ̀? Ó rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, àmọ́ iṣẹ́ gidi ni. Ẹ wo Rohan Bopanna ará Íńdíà. Orúnkún fojú ẹ̀ rí màbo, síbẹ̀ ní oṣù kìíní 2024, òun àti Matthew Ebden tí wọ́n jọ ń gbá a gba ife ẹlẹ́ni méjì-méjì ní Australian Open, ìdíje tẹníìsì ńlá kan, Bopanna sì gorí ipò kìíní lágbàáyé nínú ẹlẹ́ni méjì-méjì ní ẹni ọdún 43! Ìdajì apá tiwọn nínú pápá ló ń ṣọ́ nígbà yẹn, eré sísá ò pọ̀. Sẹ́ẹ̀fù ẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbá láti bẹ̀rẹ̀ ayò, ni ohun ìjà ẹ̀ nígbà náà: á yìn ín bí ọta, Ebden tó ti lúgọ sẹ́nu àwọ̀n á gbá èyí tó bá ta padà mọ́lẹ̀. Owó ibẹ̀ kéré sí ti ẹlẹ́nìkan gan-an, mi ò ní parọ́ fún yín, ẹni méjì ló sì ń pín in.